Kí la fẹ́ fi ilé ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará ilẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Iṣẹ́ ilé yíyà àti àtúnṣe ilé ni mò ń ṣe, Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mo sì fi ṣe ibùgbé. Láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ti ń pè mí wá wo ilé ẹ̀rọ àti ṣítóò àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn, ìbéèrè kan náà ni mò ń bá pàdé láti Ìyàrà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Mo kó wọn jọ síbí, kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí ìpàdé lè ti ka ìdáhùn kó tó jókòó.

Irú ilé wo gan-an lẹ ń sọ?

Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí iṣẹ́, tí kì í ṣe nítorí oorun. Ilé tí wọ́n ti ń yọ kóró lára òwú, ibi tí wọ́n ti ń bó kọfí, ilé ìlagi, ilé tí wọ́n ti ń fún epo, ṣítóò ńlá tí wọ́n ń kó ohun ọ̀gbìn sí, ilé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ìlú sí kí iná ìjọba tó dé. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n: yàrá kan ṣoṣo tó fẹ̀ bí pápá, òrùlé tó ga, òpó díẹ̀, ilẹ̀kùn tí lọ́rì lè fi ẹ̀yìn wọ̀.

Ṣé ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ wà ní ilẹ̀ wa rí? Ṣebí àgbẹ̀ ni wá.

Àgbẹ̀ ni wá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ èso oko di ọjà ni wá. Àwọn ìyá wa gbin òwú, wọ́n ran án, wọ́n hun kíjìpá lórí òfì tí wọ́n fi ti ògiri. Ní Bùnú, wọ́n hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn èèyàn pàtàkì. Nígbà tí British Cotton Growing Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Manchester ní 1902, wá gbé ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú sí Lọ́kọ́jà, kì í ṣe pé wọ́n wá fi òwú hàn wá. Òwú tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n wá tọ̀.

Lọ́kọ́jà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó ẹrù láyé ìgbà náà. Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1886. Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun wọn gba Kàbà kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ bá Bídá jà. Àwọn ọmọ ogun Nupe tó ti pàgọ́ sí Kàbà ti kó ẹrù wọn lọ kí wọ́n tó dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1900, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sì ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, òwò nìkan ló kù fún ilé-iṣẹ́ náà. Lever Brothers rà á ní 1920, ní 1929 ó sì wọ inú United Africa Company, UAC tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa. Ilé gígùn onípáànù tí irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ń kọ́ sí etí odò, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ òrùlé rẹ̀ kọjá, mo rí ojú rẹ̀ nínú ṣítóò tó wà ní ìlú wa tó jìnnà sí omi pátápátá.

Reluwé kò gba ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 tẹ̀síwájú gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà, ó fi Yàgbà àti Ìjùmú sílẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ̀lé ojú irin. Kàdúná ni wọ́n kọ́ Kaduna Textiles sí ní 1957, kì í ṣe Kàbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ìjọba kan náà la jọ wà. Ohun tó bọ́ sí ọwọ́ tiwa ni ṣítóò, ilé ìbókọfí, ilé ìlagi, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ ohun àlùmọ́nì bíi tin àti tantalite kúrò nínú erùpẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀. Ilé kékeré ni wọ́n bí a bá fi wọ́n wé ti Kàdúná. Àmọ́ fún ìlú tí wọ́n wà, àwọn ni ilé tó fẹ̀ jù.

Kọfí ló wá di gbajúmọ̀ ní Kàbà àti Ìjùmú. Bàbá mi gbìn ín. Mo ṣì ń gbóòórùn ṣítóò tí a máa ń gbé e lọ: èèpo kọfí gbígbẹ, àpò tuntun, àti gírísì lára òṣùwọ̀n. Ọkùnrin kan máa ń mú irin oníhò tó mú ṣónṣó, á gún àpò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kóró díẹ̀ á ṣàn jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á wò ó, á sì sọ iye tí gbogbo wàhálà ọdún kan tó. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ títí á fi wò ó tán. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá a máa wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló wá pa wọ́n?

Ọdún 1986 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Ní ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ tú àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, ní ọdún yẹn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé. Oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́rì wọ oko, ẹrù kò gba ṣítóò kọjá mọ́. Náírà já wálẹ̀, bẹ́líìtì àti bẹ́ríǹgì tí wọ́n ń kó láti òkè òkun wá di ohun tí ọwọ́ kò tó. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ṣe ìyókù.

Ẹ má wulẹ̀ gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí pé ayé ló ṣe ìlú wa.

Wọ́n ní ká wó o, ká ta irin rẹ̀, ká fi owó rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Kí ló burú níbẹ̀?

Mo mọ ìlú kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti wó o tán ni wọ́n tó pè mí. Irin òrùlé tí àwọn àgbà fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn pọ̀, tó ti ru páànù fún ohun tó lé ní ọdún márùndínlógójì láìtẹ̀, ni wọ́n fi gáàsì gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì gbé e lé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù. Owó tí wọ́n rí kò gbé gbọ̀ngàn tuntun náà kọjá ojú fèrèsé. Ó wà bẹ́ẹ̀ di òní, koríko ti hù nínú rẹ̀. Mo dúró sí àárín rẹ̀, ojú ọ̀run ni mò ń wò níbi tí òrùlé tó dára ti wà rí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tó ń jẹ owó nínú ilé kíkọ́ ni ìpìlẹ̀, òpó, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ àti òrùlé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ilé ẹ̀rọ àtijọ́. Sìmẹ́ńtì ń ti Obájánà jáde ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ti lágbára láti ṣe 16.25 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún, síbẹ̀ ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ mọ ohun tí àpò kan ń ṣe fún àpò owó rẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi ju èyí tí ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀ nù?

Ta ló ni ilé náà gan-an?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ dáhùn ṣáájú gbogbo ohun mìíràn, nítorí òun ló ń pa iṣẹ́ jù lọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Tí ìgbèríko wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdílé tó fún wọn ní ilẹ̀ nígbà náà sì lè sọ pé àwọn yá wọn ni, àwọn kò tà á.

Ìṣòro tiwa tún lé ọ̀kan. Abẹ́ Ìjọba Àríwá la wà títí di 1967, lẹ́yìn náà a bọ́ sí Kwara, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 la tó di ara Kogí. Ìwé ilé kan lè wà ní Lọ́kọ́jà, ó lè ṣẹ́ kù sí Ìlọrin, ó sì lè wà ní Kàdúná, níbi tí ilé àkójọ ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè ti tọ́jú fáìlì Ẹkùn Kàbà ti ayé òyìnbó. Ẹ rán ẹnì kan tó ní sùúrù lọ. Kí ó mú ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà dání, kí ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú nígbà náà, torí pé bí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Kí lọ́yà àti awọnlẹ̀ tó wọ̀ ọ́, ẹ pe ìdílé tó ni ilẹ̀, ọba àti àwọn ìjòyè jókòó. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ má kun ọ̀dà kan ṣoṣo kí èyí tó parí.

Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe irú nǹkan báyìí tó yọrí?

Ó pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní São Paulo ní Brazil. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dúróòmù ni, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe fíríìjì níbẹ̀. SESC, àjọ tó ń tọ́jú ìgbádùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, rà á ní 1971. Wíwó ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní Ítálì, lọ wò ó ní 1976. Ìgbà àkọ́kọ́, òpó rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló wù ú. Nígbà tó padà lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, ó bá àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé tó ń jò, àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá. Ohun tó fi sọ́kàn ni pé ayọ̀ tó ti wà níbẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa bá a lọ.

Ó gbé ọ́fíìsì rẹ̀ wá sí ojú iṣẹ́, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn bíríkìlà àti káfíńtà fún ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n họ rẹ́ńdà kúrò lára ògiri kí bíríkì lè hàn. Wọ́n la ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn bí odò kékeré, wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ń dá iná sí, ilé ìkàwé, ilé eré, ilé oúnjẹ, àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní amọ̀ mímọ, aṣọ híhun àti iṣẹ́ igi. Ó ṣí ní 1982. Ilé gíga tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá parí ní 1986. Títí di òní, arúgbó ń ta ayò níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ilé ìwé tó ń kàwé. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí a kò ní irú rẹ̀ ní abẹ́ igi ọdán wa, àfi òrùlé.

Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, ẹ wo Cape Town. Wọ́n parí ilé gogoro tí wọ́n ń kó àgbàdo àti ọkà sí ní 1924, ó ga ní mítà 57, kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti 2001. Thomas Heatherwick, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ya àwòrán ilé, gbé kóró àgbàdo kan, ó sọ àwòrán rẹ̀ di ńlá, ó sì gẹ́ àárín àwọn páìpù kọnkéré náà ní ìrísí kóró yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2017 ló di Zeitz MOCAA, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà òde òní. Àgbàdo tí wọ́n kó síbẹ̀ ló fún ilé náà ní ojú tuntun. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Bankside, ilé tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná, tí wọ́n tì ní 1981, di ilé iṣẹ́ ọnà Tate Modern ní 2000.

Nítòsí wa, ní 2017, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Lagos Biennial àkọ́kọ́ wáyé nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń tún ẹ̀ńjìnnì reluwé ṣe ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Wọn kò tún un kọ́. Wọ́n gbá a, wọ́n fa iná sí i, wọ́n sì pe èèyàn.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ti fẹ́ rà á. Ṣé kí a gbà?

Mi ò lòdì sí i. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó kú ní Ìkẹjà, Ìsọlọ̀ àti Ìlúpéjú ni ìjọ Ọlọ́run gbà sílẹ̀, wọn ì bá ti di àlàpà. Ìjọ máa ń tún òrùlé ṣe, wọ́n sì máa ń gbálẹ̀ dáadáa. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tà á. Ẹ fi háyà fún wọn ní iye ọdún kan, kí ìwé sọ pé ìlú lè lò ó láàárín ọ̀sẹ̀, àti pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gé irin òrùlé nítorí àtibo àjà. Bí mùsùlùmí ìlú bá béèrè irú rẹ̀, àdéhùn kan náà ni.

Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ṣé ó léwu?

Ó léwu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dáadáa.

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wọ́pọ̀ lórí ilé tí wọ́n kọ́ láti nǹkan bíi 1950 sí 1980 àti díẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, ó nípọn ju páànù, kì í dógùn-ún. Bó bá wà lódindi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n lu ihò sí i, tàbí tí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti òkè tó fọ́, ni fọ́nrán rẹ̀ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí máa ń wọ inú afẹ́fẹ́, á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kì í jáde mọ́. Àrùn jẹjẹrẹ tó ń fà lè gba 20 sí 40 ọdún kó tó yọjú, ìdí nìyẹn tí bíríkìlà fi máa ń sọ pé òun ti ń gé e láti kékeré tí nǹkan kan kò ṣe òun.

Ẹ má fi máṣíìnì gé e. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ekuru rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi èyí tó fọ́ ṣeré, ẹ má fi se odi ọgbà adìyẹ. Bó bá pọn dandan láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí àwọn tó ti kọ́ iṣẹ́ náà ṣe é: wọ́n á fi omi tù ú kí ó rin, wọ́n á tú ìṣó rẹ̀ dípò kí wọ́n fà á ya, wọ́n á gbé e wálẹ̀ lódindi, wọ́n á fi ọ̀rá tó nípọn dì í ní ìlọ́po méjì, wọ́n á sì sin ín síbi tí ìjọba fọwọ́ sí, tó jìnnà sí kànga. Ìbòmú tí a fi ń bo kòrónà kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Nǹkan kan tún wà tí ó ń pa èèyàn lójú ẹsẹ̀: òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti gbó kò lè gba ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá gun orí rẹ̀ lè gba àárín rẹ̀ já sílẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ yà fọ́tò lókè.

Kí ni ohun mìíràn tó yẹ ká yẹ̀wò?

Ẹ wo ìsàlẹ̀ òpó irin, níbi tó ti wọ ilẹ̀, àti abẹ́ gọ́tà. Ibẹ̀ ni irin ti ń jẹra. Bí kọnkéré bá ti bó tí irin inú rẹ̀ hàn, ẹ pe ẹnjinníà. Ẹ fi òòlù kan igi òrùlé, bó bá dún bófo, ikán ti jẹ ẹ́. Igi tó hù lára ògiri, ẹ má fà á tu. Ẹ gé e ní ìdí, ẹ jẹ́ kó kú sínú, torí gbòǹgbò rẹ̀ lè ti di ohun tó so bíríkì pọ̀.

Ibi tí jẹnẹrétọ̀ àti tiransifọ́mà wà, ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu epo. Òróró inú tiransifọ́mà àtijọ́ lè ní májèlé. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ẹ má gbẹ́ kànga sítòsí rẹ̀.

Bí ìpìlẹ̀ bá ti rì, tí òpó ti ya, èmi fúnra mi á sọ pé kí ẹ wó o. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣeé gbà là.

Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má tà á. Ẹ̀rọ kan tó dúró sípò rẹ̀ ń sọ ohun tí ilé wà fún ju pátákó ìtàn lọ. Láyé àtijọ́, ẹ̀ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń yí ọ̀pá irin gígùn kan lókè, bẹ́líìtì á wá máa ti orí ọ̀pá náà sọ̀kalẹ̀ wá yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ọ̀pá yẹn lókè, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ sì tètè fi ọdẹ ṣọ́ ọ, nítorí àwọn tó ń ra irin àlòkù ti rí i ṣáájú yín.

Kí la wá lè fi ilé náà ṣe ní ìlú kékeré?

Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo ẹni tó ti ń lò ó. Mo ti bá wẹ́dà nínú ọ̀kan, mo ti bá àwọn ìyá tó ń sá gbàgùúdà ní ojú ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kàwé lábẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó tutù. Wọn kì í ṣe olè. Àwọn ló mọ ohun tí ilé náà dára fún. Ètò tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lílé wọn jáde, mi kì í bá wọn ya àwòrán rẹ̀.

Kajú pọ̀ ní Kogí ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe mọ̀ lọ, àgbẹ̀ ń tà á ní owó pọ́ọ́kú nítorí kò ríbi gbígbẹ tó lè kó o sí. Ṣítóò àtijọ́ wà fún irú rẹ̀ gan-an. Aṣọ híhun náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti àyè. Ní Ògìdì ní Ìjùmú, Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, ti fi hàn pé àwọn obìnrin wa lè fi òfì àti àdìrẹ jẹun láìkúrò nílé. Apá kan lè jẹ́ ti wẹ́dà àti káfíńtà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn, apá kan fún ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé. Owó ìgbéyàwó ni yóò máa tún òrùlé ṣe.

Mi ò gba ìlú kankan nímọ̀ràn láti sọ gbogbo rẹ̀ di musíọ́mù. Yàrá kan tó.

Owó kò sí. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Láti ibi tí omi ti ń wọlé. Ẹ ro gọ́tà, ẹ dí ibi tó ń jò, ẹ la ojú àgbàrá kúrò ní ìdí ògiri. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú, ó sì lè fún ilé náà ní ọdún mẹ́wàá sí i. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á sórí ìwé. Ẹ lo igun kan ṣoṣo ní ọdún àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Ẹ mú wọn wọ inú ilé náà. Ẹ má jókòó bi wọ́n léèrè ní pálọ̀ wọn, ẹsẹ̀ ló ń rántí nǹkan wọ̀nyí. Ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn, kí ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Mo mú màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún lọ sínú ṣítóò kan báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa kọfí ni nígbà ọmọge rẹ̀. Ó rìn dé ibì kan lẹ́bàá òpó kẹta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ibí ni tèmi. Ọ̀rẹ́ mi jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ sí ìmọ́lẹ̀." Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀, ó dán ju ti ibi tó kù lọ. Mo fa ìlà yí ojú ibi méjèèjì ká. Ìlà náà wà nínú àwòrán tí mo yà fún ìlú náà, a kò sì gbé ògiri kankan gba ibẹ̀ kọjá.